Nọ́ńbà Ni Kó Ṣáájú: Àkọsílẹ̀ Ohun Ìṣeré Lórí Fóònù

Ẹ dojú mọ́tò ìṣeré Majorette kan dé, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Iléeṣẹ́ tó ṣe é ti kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀, ó kọ nọ́ńbà, ó kọ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti rọ ọ́, ó sì kọ bí ó ṣe kéré sí mọ́tò gidi tó, bí àpẹẹrẹ 1/60. Ẹ wá gbé mọ́tò mìíràn, èyí tí ọmọ kan fi agolo mílíìkì Bonnet Rouge gé, tó fi bàtà rọ́bà tó ti já ṣe táyà rẹ̀, tó sì so wáyà gígùn mọ́ ọn kó lè máa darí rẹ̀ ní ìdúró. Ẹ dojú òun náà dé. Orúkọ mílíìkì nìkan lẹ máa rí. Ta ló gé e? Ọdún wo? Àdúgbò wo? Agolo kò sọ.

Nítorí èyí ni mo fi máa ń sọ fún ẹni tó ń kó ohun ìṣeré jọ, ì báà jẹ́ ní Ladjifarani tàbí ní àdúgbò mìíràn ní Parakou, pé kó má fi wíwá áàpù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn ibi bíi hobbyDB mọ Hot Wheels àti Majorette dunjú: ẹ tẹ orúkọ, àwòrán á yọ. Ṣùgbọ́n mọ́tò agolo kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Ohun tí ẹ bá kọ nípa rẹ̀ ni gbogbo ohun tí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò mọ̀. Ní Parakou, irú méjèèjì ló sì máa ń bá ara wọn pàdé nínú páálí kan náà, torí ẹrù tòkunbọ̀ láti èbúté Kutọnu ń gba ojú títì tó lé ní 400 kìlómítà wá sí ọjà bíi Arzèkè.

Nọ́ńbà ni kó ṣáájú. Ọ̀nà tí àwọn musiọ́ọ̀mù ń gbà ṣe é rọrùn: ọdún tí nǹkan dé ọwọ́ yín, ẹ̀ẹ̀kelòó tí nǹkan ń wọlé lọ́dún náà, àti ipò rẹ̀ láàárín ohun tó jọ wọlé. Bí àǹtí yín bá kó ọmọlangidi mẹ́ta wá, tó sì jẹ́ ẹ̀ẹ̀kẹrin tí ẹ gba nǹkan ní 2025, wọ́n á máa jẹ́ 2025.4.1, 2025.4.2 àti 2025.4.3. Ó parí. Ẹ má ki ìtumọ̀ bọ inú nọ́ńbà. Ẹni tó ní kí MT dúró fún mọ́tò, kí ỌM dúró fún ọmọlangidi, wàhálà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí mọ́tò tí ọmọlangidi ń wà bá wọlé. Pẹ́ńsùlù lẹ máa fi kọ ọ́ sórí páálí pẹlẹbẹ, òwú lẹ ó sì fi so ó. Sẹ́lótéèpù kò dára, nítorí ooru á yọ́ gọ́ọ̀mù rẹ̀, àbàwọ́n á sì kù lára ọ̀dà.

Àwa ará Bẹ̀nẹ̀ rí agbára nọ́ńbà lójú. Nígbà tí Faransé dá ohun ọba Abọmẹ 26 padà ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, àwọn nǹkan tí ọmọ ogun Faransé lábẹ́ ọ̀gágun Dodds kó ní 1892, kò sẹ́ni tó ń béèrè pé èwo ni à ń sọ. Nọ́ńbà wà lára wọn ní musiọ́ọ̀mù Quai Branly ní Paris, 1893 sì wà nínú nọ́ńbà àwọn ère ọba, ọdún tí Dodds fi wọ́n ta musiọ́ọ̀mù Trocadéro lọ́rẹ. Síbẹ̀ nọ́ńbà nìkan kò tó. Nínú fíìmù tí Mati Diop pè ní Dahomey, tó gba ẹ̀bùn àkọ́kọ́ ní Berlin ní 2024, ère ọba kan ló ń sọ̀rọ̀, 26 sì ni wọ́n ń pè é. Bí ẹlẹ́wọ̀n ni nǹkan ń rí bí kò bá ní ju nọ́ńbà lọ.

Kí ló wá yẹ ká kọ tẹ̀ lé nọ́ńbà? Ní 1931, nígbà tí àwọn onímọ̀ ará Faransé fẹ́ rin ìrìn Dakar dé Djibouti, ìrìn tó gba ilẹ̀ Dahomey kọjá, wọ́n tẹ ìwé ìtọ́sọ́nà kékeré kan fún àwọn tó ń kó nǹkan jọ. Ìwé yẹn sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú pé agolo oúnjẹ lè sọ irú ènìyàn tí a jẹ́ ju ẹ̀ṣọ́ olówó iyebíye lọ. Ìkójọ wọn ní ẹ̀gàn tirẹ̀, nítorí gbogbo nǹkan kọ́ ni wọ́n fi owó tàbí ẹ̀bẹ̀ gbà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ agolo yẹn wọ̀ mí lára. Ẹ kọ orúkọ tí ẹni tó ṣe nǹkan náà ń pè é, ní èdè tó fi pè é, ì báà ṣe Dendi, Ìbàrìbá, Fọ̀n tàbí Yorùbá. Ẹ kọ ohun tí wọ́n fi ṣe é, gígùn rẹ̀, ẹni tó ṣe é tàbí ẹni tó tà á, iye sefa tí ẹ san, ibi tó ti kán, àti ibi tí ẹ gbé e sí. Ibi tí ẹ gbé e sí ni ọ̀pọ̀ ń fò. Ìlànà tí ICCROM, àjọ tó ń rí sí ìtọ́jú ohun àjogúnbá, ń kọ́ àwọn musiọ́ọ̀mù ni pé kí a lè rí nǹkan yòówù láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ dán an wò nínú yàrá yín.

Google Sheets lórí fóònù tó iṣẹ́ yìí. LibreOffice Calc tó o lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ sì ni. Ìlà kan fún ohun kan. Ṣùgbọ́n irú ojú ewé yìí ní ọ̀fìn kan tó ń gbé olùkójọ mọ́tò mì. Ẹ tẹ 1/64 sínú Excel, ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ Hot Wheels fi ń jáde, kí ẹ wo ohun tó máa ṣe: á sọ ọ́ di oṣù kìn-ín-ní ọdún 1964, kò sì ní tọrọ gáfárà. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì náà kó sí i. Ní 2020, ìgbìmọ̀ tó ń sọ jíìnì ènìyàn lórúkọ yí orúkọ àwọn jíìnì kan padà torí Excel ń kà wọ́n sí ọjọ́. MARCH1 di MARCHF1. Ẹ sọ òpó nọ́ńbà àti òpó ìwọ̀n di ọ̀rọ̀ lásán, kì í ṣe iye, kí ẹ tó tẹ nǹkan kan sínú wọn.

Ọ̀fìn kejì wà lára nǹkan fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ Barbie ló ní 1966 lẹ́yìn, tí ẹni tó rà á á sì máa yọ̀ pé òun gbá ohun àtijọ́ mú. Ọdún tí wọ́n gba ẹ̀tọ́ sí irú ara yẹn ni. Àwọn tí wọ́n tà ní àwọn ọdún 1990 náà ní in. Bákan náà ni ọdún abẹ́ Hot Wheels. Ẹ máa kọ ọ́ báyìí: “1966 ló wà lára rẹ̀.” Ẹ má kọ pé: “1966 ni wọ́n ṣe é.”

Ní ti àwòrán, òjìji ọ̀sán dára ju fíláàṣì lọ. Ẹ ya iwájú, ẹ̀yìn àti abẹ́, kí rúlà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí nọ́ńbà rẹ̀ sì hàn nínú àwòrán. Lẹ́yìn náà, ẹ fi nọ́ńbà yẹn sọ fáìlì lórúkọ dípò IMG tí fóònù fún un. Bí ẹ bá fẹ́ fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi ránṣẹ́ bí ìwé. Bí ẹ bá fi ránṣẹ́ bí àwòrán, á fún un kéré, lẹ́tà abẹ́ mọ́tò kò sì ní ṣeé kà mọ́. Ẹ yọ àkọsílẹ̀ ibi tí a ti ya àwòrán kúrò nínú rẹ̀ kí ẹ tó fi í hàn fún àjèjì.

Fún mọ́tò agolo, ẹ ṣe ohun kan sí i: ẹ gba ohùn ọmọ tó gé e sílẹ̀ lórí fóònù, pẹ̀lú àṣẹ òbí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ṣàlàyé bí ó ṣe tẹ wáyà, ibi tó ti rí agolo, ẹni tó kọ́ ọ. Ìṣẹ́jú díẹ̀ tó. Nọ́ńbà mọ́tò náà ni kí fáìlì ohùn jẹ́.

Google ń fún èèyàn ní ààyè 15 GB lọ́fẹ̀ẹ́, àwòrán sì ń tètè jẹ ẹ́ tán. Kí ẹ̀dà kan wà níbẹ̀, kí òmíràn wà lórí káàdì mẹ́mórì, kí ẹ̀kẹta wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín tó ń gbé ìlú mìíràn. Kí àkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀ wà ní CSV, irú fáìlì tí áàpù ojú ewé yòówù lè ṣí bí áàpù tí ẹ ń lò bá kógbá sílé. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí ọyẹ́ tó dé pẹ̀lú eruku rẹ̀, ẹ tẹ gbogbo ìlà jáde sórí ìwé, kí ẹ sì fi í wé ohun tó wà nínú páálí.