Gbogbo Inú Rírun Kọ́ Ni Jẹ̀díjẹ̀dí

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀nà kan ṣoṣo kọ́ ni àìsàn ń gbà wọ inú ènìyàn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rìn káàkiri Ìbàdàn lónìí, láti Agbówó dé Dùgbẹ̀, láti Bódìjà dé Challenge, ìdáhùn mẹ́ta péré ni ẹ ó máa gbọ́ nípa inú rírun. Ẹni tí ó ń ta àgbo yóò ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ẹni tí ó ń ta oògùn ní kẹ́míìsì yóò ní aràn ni. Ẹni tí ó ní yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì yóò ní táífọ́ọ̀dù ni. Ẹ̀kẹrin kò sí. Àwa kò fara mọ́ èyí rárá, a ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Àrùn kan wà tí àwọn oníṣègùn ń pè ní sílíákì. Ohun tí ó ń rú u sókè kì í ṣe kòkòrò, kì í ṣe aràn, kì í sì í ṣe àfọwọ́fà ayé. Àlìkámà ni, pẹ̀lú báálì àti ráì tí wọ́n jọ jẹ́ ẹbí. Èròjà kan wà nínú wọn tí ó ń jẹ́ glúútìn, òun ni ó ń mú kí ìyẹ̀fun búrẹ́dì máa fà bíi rọ́bà. Bí ẹni tí ó ní àrùn yìí bá jẹ ẹ́, àwọn ọmọ-ogun tí ó yẹ kí ó máa dáàbò bo ara rẹ̀ yóò dojú ìjà kọ ìfun òun fúnra rẹ̀. Àwọn ohun tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka tí wọ́n ń fa oúnjẹ láti inú ìfun sínú ara yóò wó lulẹ̀ pẹrẹsẹ. Oúnjẹ ń wọlé, ara kò rí i lò. Ọmọ lè máa ya ìgbẹ́ gbuuru, kí ikùn rẹ̀ yọ síwájú, kí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tínrín, kí ó má sì dàgbà bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Àgbàlagbà lè má ya ìgbẹ́ gbuuru rárá. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni kò tó, tí ó ń rẹ̀ ẹ́ ṣáá, tí egungun rẹ̀ kò sì lágbára mọ́. Ìtọ́jú rẹ̀ ni kí ènìyàn yàgò fún àlìkámà àti àwọn ẹbí rẹ̀ títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Dókítà ọmọdé kan ní ilẹ̀ Netherlands, Willem Dicke, ni ó tú àṣírí náà. Kí ogun àgbáyé kejì tó dé ni ó ti ń fura sí àlìkámà. Nígbà tí ìyàn mú ní ìlú wọn ní 1944 sí 1945, tí búrẹ́dì di ohun àwátì, ìfura rẹ̀ túbọ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ní 1950 ni ó kọ ìwé ìwádìí rẹ̀ jáde. Ẹ kíyè sí i pé ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó gbé e dé ibẹ̀: kí ni ọmọ yìí ń jẹ?

Àwọn kan yóò sọ pé àrùn òyìnbó ni, kò kan àwa. Irọ́ ni. Ní 1999, ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet gbé e jáde pé nínú àwọn ọmọ Sahrawi tí wọ́n yẹ̀ wò, Mùsùlùmí ará aṣálẹ̀ bíi tiwa ní ilẹ̀ Áfíríkà níbí, ó lé ní 5 nínú 100 tí ó ní àrùn yìí. Ní Yúróòpù, bí 1 nínú 100 ni. A kò sọ pé ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàárín Yorùbá. Ohun tí a ń sọ ni pé ohun tí ẹnikẹ́ni kò wá, ẹnikẹ́ni kò ní rí.

Àwọn baba wa jẹ iṣu, wọ́n jẹ ẹ̀kọ, wọ́n jẹ àmàlà. Àwa ńkọ́? Búrẹ́dì ní òwúrọ̀, indomie ní ọ̀sán, sẹ̀mó ní alẹ́. Ìjọba fi òfin de kíkó àlìkámà wọ Nàìjíríà ní 1987, ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi di 1992 wọ́n ti ká òfin náà kúrò. Ẹnu wa ti mọ́ ọn lára. Ṣé oúnjẹ lè yí padà tó báyìí, kí a máa fi orúkọ mẹ́ta àtijọ́ pe gbogbo àìsàn inú?

A ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí àwọn ìyá wa sin, tí wọ́n ń pè ní àbíkú, àrùn inú ẹ̀jẹ̀ ni ó pa wọ́n. Wọ́n ti kọ nípa àrùn náà ní Amẹ́ríkà láti 1910. Ṣùgbọ́n ìgbà tí àyẹ̀wò rẹ̀ tàn kálẹ̀ láàárín wa ni ojú là. Lónìí, kí a tó so yìgì, a ń béèrè jíínótáìpù. Àyẹ̀wò ni ó gba àwọn ìyá lọ́wọ́ ẹ̀sùn àjẹ́, kì í ṣe ariwo.

Ìbàdàn yìí kì í ṣe abúlé nínú ọ̀rọ̀ ìṣègùn. Ní 1948 ni Yunifásítì bẹ̀rẹ̀ níbí, Adéọ̀yọ́ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ti kọ́kọ́ ń kọ́ iṣẹ́, kí wọ́n tó ṣí ilé ìwòsàn ńlá UCH ní 1957. Àwọn dókítà àgbà tí wọ́n mọ̀ nípa ìfun wà níbẹ̀. Ọdún 6 ni wọ́n fi ń kọ́ ìṣègùn, ọdún 1 fún ìmọ̀ṣẹ́dáadáa lábẹ́ ọ̀gá, ọdún 1 fún ìsìnrú ìlú, lẹ́yìn náà ọdún bíi 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó di kọ̀ńsọ́tánǹtì. Púpọ̀ nínú wọn ń lọ sí Ìlú Ọba àti Saudi Arabia, èyí dùn wá. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ṣẹ́ kù ńkọ́? Ṣé a ń jẹ́ kí aláìsàn dé ọ̀dọ̀ wọn? Kẹ́míìsì ń dá a dúró, yàrá àyẹ̀wò ń dá a dúró, owó sì ti tán kí ó tó gbọ́ orúkọ UCH.

Nítorí náà, báwo ni a ṣe ń mọ dókítà rere? Èkíní, yóò béèrè oúnjẹ kí ó tó kọ oògùn: ìgbà wo ni inú ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, kí ni ẹ sì ti ń fún un jẹ láti ìgbà náà? Èkejì, kò ní fi Widal ẹẹ̀kan ṣoṣo dájọ́ táífọ́ọ̀dù, nítorí Widal lè sọ bẹ́ẹ̀ lára ẹni tí kò ní táífọ́ọ̀dù lọ́wọ́. Ẹ̀kẹta, bí ó bá fura sí sílíákì, kò ní sọ pé kí ẹ dá búrẹ́dì dúró lójú ẹsẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ ṣe, lẹ́yìn náà ó lè ní kí wọ́n ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba ẹnu wọ inú láti mú èérún ìfun wò. Ẹni tí ó ti dá àlìkámà dúró kí ó tó lọ, ó dà bí ẹni tí ó lé olè lọ kí ọlọ́pàá tó dé. Ẹ̀kẹrin, bí ọ̀rọ̀ bá ju agbára rẹ̀ lọ, kò ní tijú láti kọ lẹ́tà fi yín ránṣẹ́ sí ẹni tí ó jù ú lọ. Bí dókítà bá ń pe ara rẹ̀ ní àgbà, ẹ wò ó bóyá FMCP tàbí FWACP wà lẹ́yìn orúkọ rẹ̀. Fún dókítà àgbà àwọn ọmọdé, FMCPaed tàbí FWACP ni. Kì í ṣe àìlọ́wọ̀ láti béèrè.

Ìjọba Ọ̀yọ́ pàápàá ní èsì í fún wa. Kí ni ó dé tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yìí kò fi yẹ kí ó wà ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Ring Road, kí tálákà rí i ṣe? Ẹ̀yin ẹgbẹ́ Mùsùlùmí tí ẹ ń pe dókítà wá yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò ní gbàgede mọ́ṣáláṣí, ẹ ní kí wọ́n wọn ọmọ pẹ̀lú, kí wọ́n sì fi èyí tí kò dàgbà ránṣẹ́ síwájú.

Ẹni tí àyẹ̀wò bá sì mú, kí ó má sọkún. Ọjà Bódìjà kún fún oúnjẹ rẹ̀: iṣu, gààrí, ẹ̀wà, ìrẹsì, àgbàdo, ọkà bàbà. Kí ó ṣáà ṣọ́ ẹ̀rọ tí ó ń lọ àlìkámà mọ́ èlùbọ́. Àwa tí a bá sì ń pín búrẹ́dì sàráà, kí a má fi dandan mú un jẹ ẹ́, kí a má sì pe ìyá rẹ̀ ní agbéraga.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Orí ọmọ ń wọ́ ní Agbówó, UCH sì wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí a gbé ọmọ náà débẹ̀.