Ọwọ́ Kò Lè Ka 0.05: Ìwé Àtúnṣe Ẹ́ńjìnnì Lédè Yorùbá Dà?

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Síbẹ̀, ohun tí wọ́n ń ṣe fún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kéékèèké nìyẹn ní Ilo-Awela àti káàkiri Ṣàngó-Ọ̀tà. Kí Micra tàbí kórópe kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, kó máa da omi rédíétọ̀ síta, kó máa yọ èéfín funfun, wọ́n á tú top rẹ̀, wọ́n á pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n á dè é padà. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì tún jó. Wọ́n á tún tú u. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n á ní kí ọlọ́kọ̀ lọ ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ mìíràn. Owó gọbọi ti lọ, ẹ́ńjìnnì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì le koko ti di pàǹtí irin, gbogbo wa á wá máa pariwo pé olè ni mẹkáníìkì.

Àwa ò gbà pé olè ni wọ́n. Ohun tí a gbà ni pé iṣẹ́ yìí ní òǹkà àti ètò tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ sílẹ̀ ní èdè tí wọ́n fi kọ́ iṣẹ́. A sì gbà pé ẹ̀ka Yorùbá ní àwọn yunifásítì wa ló yẹ kó kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Orí ẹ́ńjìnnì, èyí tí wọ́n ń pè ní top, ni fáàfù wà. Abẹ́ rẹ̀ ni blọ́ọ̀kù wà, níbi tí písítìnì ti ń lọ sókè sódò. Gásíkẹ́ẹ̀tì ló wà láàárín méjèèjì, òun ni kì í jẹ́ kí iná, omi àti ọ́ìlì pàdé. Alumíníọ́mù ni wọ́n fi ṣe orí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kéékèèké. Bí iná bá mú alumíníọ́mù, ó máa ń fẹ̀ tó ìlọ́po méjì irin tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ blọ́ọ̀kù. Ìdí nìyí tí ẹ́ńjìnnì tó gbóná kọjá ààlà fi máa ń bẹ́ńdì lórí.

Báwo ló ṣe gbọ́dọ̀ bẹ́ńdì tó kó tó di ìṣòro? Ìwọ̀n tí ìwé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kéékèèké fàyè gbà kò ju 0.05 sí 0.1 mílímítà lọ. Bí irun orí èèyàn kan ṣe nípọn tó nìyẹn. Ojú kò lè rí i, ọwọ́ kò sì lè kà á. Rúlà irin tó tọ́ gbọnrangandan àti féélà géèjì nìkan ló lè sọ ọ́. Ẹni tó bá de gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun mọ́ orí tó ti bẹ́ńdì, kó yáa ka owó náà sí èyí tó bọ́ sómi.

Dídè rẹ̀ ńkọ́? Bóòtù orí ẹ́ńjìnnì kì í ṣe ohun tí à ń dè láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì bí ẹni ń rán aṣọ. Àárín la ti ń bẹ̀rẹ̀, tí a ó máa lọ sí igun, ìpele ìpele la sì ń dè é. Tí a bá fẹ́ tú u, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tutù, igun la ó sì ti máa bọ̀ wá sí àárín. Tọ́ọ̀kì rẹ́ǹchì ló ń sọ bí bóòtù ṣe le tó, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì kan kì í sì í ṣe ti èkejì. Àwọn bóòtù kan tilẹ̀ wà tó máa ń nà, tí a kò gbọ́dọ̀ lò ní ẹ̀ẹ̀kejì.

Fífọ̀ ọ́ mọ́ náà ní òfin tirẹ̀. Ẹni tó fi gírándà họ gásíkẹ́ẹ̀tì tó lẹ̀ mọ́ ojú alumíníọ́mù ti gbẹ́ kòtò síbẹ̀, iyanrìn gírándà á sì wọnú ọ́ìlì lọ. Ẹni tó fi omi tàbí ọ́ìlì sílẹ̀ nínú ihò bóòtù lè fi dídè nìkan la blọ́ọ̀kù. Ó yẹ ká sàmì sí fáàfù kọ̀ọ̀kan kó lè padà sí ìjókòó tirẹ̀. Tí a bá fi ìpara lọ̀ ọ́ mọ́ ìjókòó náà tán, ká fọ ìpara náà kúrò pátápátá, ká wá da epo bẹntiróòlù díẹ̀ sójú ihò tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Tó bá ń jò, iṣẹ́ kò tíì tán.

Nínú gbogbo èyí, èwo ni Yorùbá kò lè sọ? A ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ tán ni.

Àwọn kan á ní kí ọmọ iṣẹ́ lọ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì kó lè ka ìwé ọkọ̀. Ìjọba àpapọ̀ pàápàá ti gba ọ̀nà yẹn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, wọ́n fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n fagi lé e, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì. Bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba lè fagi lé ìlànà. Kò lè fagi lé èdè tí ọ̀gá fi ń bá ọmọ iṣẹ́ sọ̀rọ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Àwọn mìíràn á ní iṣẹ́ ọwọ́ ni, kò gba ìwé, ọwọ́ ọ̀gá ti mọ̀ ọ́n. A bọ̀wọ̀ fún ọwọ́ ọ̀gá. Etí rẹ̀ lè gbọ́ fáàfù tó ń pariwo kí ọlọ́kọ̀ tó mọ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ti ń de bóòtù fún ogún ọdún kò lè mọ nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ kan ní Japan fún ẹ́ńjìnnì tí kò rí rí.

Ọ̀rọ̀ wá kù sọ́dọ̀ àwa ọmọ Yorùbá. Ní ọdún 1984, àwọn àgbà wa lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé gbé Èdè-Ìperí Yorùbá jáde, iṣẹ́ ńlá ni. Ọpẹ́lọpẹ́ wọn la fi lè sọ fáwẹ́lì àìránmúpè láìfọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ta ló ń sọ fáwẹ́lì àìránmúpè ní Ilo-Awela? Ọ̀rọ̀ tí wọ́n nílò níbẹ̀ ni èyí tí yóò gba owó ọlọ́kọ̀ lọ́wọ́ òfò, tí yóò sì gba orúkọ mẹkáníìkì lọ́wọ́ èébú.

Ohun tí à ń béèrè kò pọ̀. Kí ẹ̀ka Yorùbá kọ̀ọ̀kan gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹrin fi ìwé pélébé lórí títú àti dídè orí ẹ́ńjìnnì ṣe iṣẹ́ àṣekágbá. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì kan tó pọ̀ lójú títì. Kí akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ yẹ nọ́ńbà rẹ̀ wò, kí àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò. Kí ẹnikẹ́ni má sì jókòó sí ọ́fíìsì hun orúkọ gígùn fún ohun tí wọ́n ti ń pè ní top láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde, tí ẹ ń rí owó oṣù gbà, owó ìtẹ̀wé ni tiyín: ojú ewé kan tó ní àwòrán bóòtù àti nọ́ńbà ìtẹ̀léra wọn, tí wọ́n fi ọ̀rá bò, tí ọ̀gá lè fi kọ́ ara ògiri ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ̀ka tó bá sọ pé èyí kì í ṣe iṣẹ́ Yorùbá, kó sọ fún wa èdè wo ni wọ́n fi ń tú ẹ́ńjìnnì ní Ṣàngó-Ọ̀tà.