Ta Ni A Ń Ṣe Sinimá Ìtàn Ọ̀yọ́ Fún?

Ẹ̀yin olóyè wa àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú, ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí, n kò sì lè pa á mọ́ra mọ́.

Bí a bá bi ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ṣe sinimá ogun àti ààfin léèrè pé ta ni wọ́n ń ṣe é fún, wọn a ní gbogbo ayé ni. Asán ni èsì yìí. Ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mú ètò ẹ̀kọ́ wá láìkọ kíláàsì àti ọjọ́ orí àwọn ọmọ sí òkè rẹ̀, n kì í ka ìlà kejì kí n tó dá a padà fún un.

Àwọn tí ó ṣáájú wa mọ èyí. Nígbà tí Àlùfáà Townsend dá ìwé ìròyìn sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859, ó pè é ní Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá: òǹkàwé rẹ̀ wà nínú orúkọ rẹ̀. Hubert Ògúndé tí ó ṣe Ayé ní 1979, àti Adéyẹmí Afọláyan, Adé Love, tí ó ṣeré nínú Àjàní Ògún ní 1976, inú ẹgbẹ́ eléré tí ń lọ láti ìlú dé ìlú ni wọ́n ti wá. Wọ́n ti mọ ibi tí obìnrin ọlọ́jà yóò ti rẹ́rìn-ín àti ibi tí àgbàlagbà yóò ti mi orí, kí wọ́n tó dojú ẹ̀rọ kọ ẹnikẹ́ni. Ọmọ Adé Love, Kúnlé Afọláyan, gbé Aníkúlápó, ìtàn Ọ̀yọ́, sí orí Netflix ní 2022. N kò bá a jà. Ó yẹ kí ayé rí Ọ̀yọ́. Àwọn tí ń tẹ̀lé e ni mo ń bá wí.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìtàn Baṣọ̀run Gáà, tí Bọ́láńlé Austen-Peters fi ṣe sinimá ní 2024. Àgbàlagbà Akínmọ̀ọ́rìn ti mọ bí Gáà ṣe kú kí àwòrán tó bẹ̀rẹ̀; bí a ó ti wí i ni ó jókòó láti gbọ́. Ẹni tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò mọ ohun tí Baṣọ̀run jẹ́ rárá. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi gbólóhùn kan náà tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn yóò ba èdè jẹ́. Mo wo ọ̀kan, n kò ní dárúkọ rẹ̀, tí ìjòyè ààfin jókòó tí ó ń ṣàlàyé iṣẹ́ Ọ̀yọ́ Mèsì fún ìjòyè ẹlẹgbẹ́ rẹ̀! Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rín.

Wọn yóò ní ọwọ́ àwọn ará òkèèrè ni owó wà. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n a ti kọ Gẹ̀ẹ́sì sí abẹ́ àwòrán fún wọn, ìyẹn tó wọn. Kurosawa ti ilẹ̀ Japan kò bu omi la èdè rẹ̀ nínú Rashomon, síbẹ̀ Venice fún un ní ẹ̀bùn tí ó ga jù ní 1951.

Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa gba gbọ̀ngàn kan ní Akínmọ̀ọ́rìn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń kọ sinimá Ọ̀yọ́, kí ó wá ka ọ̀rọ̀ àwọn eléré rẹ̀ sí etígbọ̀ọ́ àwọn olóyè, àwọn ọlọ́jà àti àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ibi tí wọ́n bá ti ń yán, kí ó fa ibẹ̀ rẹ́.