Ẹ̀yin Oníkẹ́místì Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, Ẹ Béèrè Kí Ẹ Tó Tà

Ẹ̀yin la kọ́kọ́ ń sáré bá kí á tó ronú kan ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà, bí kò tilẹ̀ jìnnà sí wa. Ẹni tó bá mọ bí èrò ṣe ń tò níbẹ̀ kò ní bá wa wí.

Ọ̀rọ̀ orúnkún ló mú mi kọ̀wé. Màmá ẹni 70 ọdún á wọlé, á ní orúnkún kò jẹ́ kí òun sùn. Ẹ ó gé káàdì oògùn ìrora diclofenac fún un, tàbí kí ẹ da oògùn oríṣiríṣi pọ̀ sínú ọ̀rá kékeré, èyí pupa, èyí yẹ́lò, èyí funfun. Ó parí. Kò sẹ́ni tó bi í pé, "Màmá, ṣé ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru? Oògùn wo lẹ ń lò nílé?"

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Diclofenac, ibuprofen àti piroxicam a máa dá iyọ̀ àti omi dúró sára. Ẹ̀jẹ̀ á ru sí i, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí Màmá lò láàárọ̀ kò ní ráyè ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Bí ọkàn bá ti rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ á wú, omi á kún ẹ̀dọ̀fóró, kò ní lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́. Àwọn ará ilé á ní ayé ló ń ṣe é. Bó bá jẹ́ lisinopril àti oògùn ìtọ̀ ló ń lò, tí diclofenac wá bá wọn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè jùmọ̀ ba kíndìnrín jẹ́. Piroxicam ní tiẹ̀ kì í tètè kúrò lára: nǹkan bí ọjọ́ méjì ni ìdajì rẹ̀ fi ń jáde. Oògùn inú ọ̀rá ńkọ́? Dexamethasone kì í wọ́n nínú rẹ̀. Òun ló ń mú kí ara yá gágá lọ́jọ́ kejì, òun náà ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ àti ṣúgà sókè.

Lọ́dún 2004, ilé-iṣẹ́ Merck kó Vioxx, oògùn ìrora tó lókìkí tó jọ diclofenac, kúrò lọ́jà káàkiri àgbáyé nítorí ewu àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀. Ní 2013, àjọ tó ń mójú tó oògùn nílẹ̀ Yúróòpù ní kí ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára mọ́, tàbí tí rọpárọsẹ̀ ti kọ lù rí, má lo diclofenac. Ó ti pẹ́ tó kí ìkìlọ̀ náà dé Lawanson ládùúgbò wa.

Mo mọ̀ pé ẹ ó ní bí ẹ kò bá tà á, ará iwájú á tà á. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n oníbàárà tí wọ́n gbé wọ wọ́ọ̀dù kì í yà ra nǹkan. Àwọn dókítà náà jẹ̀bi o: wọ́n ń kọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọn kì í béèrè orúnkún.

Ẹ̀rọ tí ẹ fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wà lórí káńtà yín. Ẹ jẹ́ kí àgbàlagbà jókòó ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, kí ó má sọ̀rọ̀, kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Ẹ tún un wọ̀n lórí ìdúró, nítorí ẹ̀jẹ̀ àgbà a máa já wálẹ̀ bó bá dìde. Fún ìrora orúnkún, ẹ fi paracetamol àti ìpara ṣáájú. Bí ẹsẹ̀ bá wú, tí èémí sì ń kúrú, ẹ má ta nǹkankan: ẹ kọ orúkọ gbogbo oògùn tó ń lò sórí bébà, kí ẹ pe ọmọ rẹ̀ kó gbé e lọ sí Ìdí-Àràbà lọ́jọ́ náà gan-an.