Kí A Tó Dá Quarterback Lẹ́bi

Láti Liverpool Road ní Apapa títí wọ Ajegunle, ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n ni tọmọdé tàgbà mọ̀. Odion Ighalo, tó dàgbà ní Ajegunle, ló gbá góòlù wọlé jù lọ níbi ìdíje ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà lọ́dún 2019, góòlù 5, orúkọ rẹ̀ ò sì tíì kúrò lẹ́nu wọn. Ojú yẹn náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wo bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà: quarterback, ìyẹn ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, ni wọ́n ń yìn, òun náà ni wọ́n ń bú.

Kò tọ́ bẹ́ẹ̀.

Géńdé márùn-ún ló ń tò síwájú quarterback. Iṣẹ́ wọn ni láti fi ara dínà mọ́ alátakò, kí ọ̀gá wọn lè rí nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 3 fi wo ẹni tó máa ju bọ́ọ̀lù sí. Ti ìpẹ̀kun òsì ló ṣòro jù, torí pé quarterback tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún máa ń kẹ̀yìn sí ẹ̀gbẹ́ yẹn. Kò ní í rí ẹni tó ń bọ̀ wá kọ lù ú.

Ẹ wo Patrick Mahomes, quarterback Kansas City. Nígbà tí wọ́n máa gbá Super Bowl, àṣekágbá ìdíje wọn, ní February 2021, Eric Fisher àti Mitchell Schwartz, àwọn méjì tó ń ṣọ́ ìpẹ̀kun òsì àti ọ̀tún, ti fara pa. Tampa Bay lé Mahomes káàkiri pápá, wọ́n sì na Kansas City, 31 sí 9. Kansas City ò wá quarterback mìíràn o. Iwájú rẹ̀ ni wọ́n tún ṣe. Wọ́n mú Joe Thuney, Orlando Brown, Creed Humphrey àti Trey Smith wá. Ní February 2023 wọ́n pàdé Philadelphia níbi Super Bowl, ẹgbẹ́ tó ti gbé quarterback ṣánlẹ̀ ní ìgbà 70 ní sáà yẹn. Lọ́jọ́ náà, wọn ò gbé Mahomes ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kansas City ló gba ife, 38 sí 35. Mahomes kan náà ni.

New York Jets náà fojú winá ọ̀rọ̀ yìí. Ní September 11, 2023, ìgbà kẹrin péré tí wọ́n máa gbé bọ́ọ̀lù fún Aaron Rodgers, quarterback wọn, Leonard Floyd, alátakò wọn, já wọlé, ó gbé e ṣánlẹ̀. Rodgers dìde, ó tún rọra jókòó padà sórí pápá: iṣan gìgísẹ̀ rẹ̀ ti já, sáà rẹ̀ sì ti parí. Ní April tó tẹ̀ lé e, Jets mú Olumuyiwa Fashanu, ọmọ wa tó ń dínà níwájú quarterback, ṣe ẹni kọkànlá tí wọ́n yàn nínú gbogbo ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù ọdún náà. Rodgers gbá gbogbo ìdíje 17 ní sáà 2024. Lóòótọ́, Jets pàdánù 12 nínú rẹ̀. Àwọn tó wà níwájú nìkan kọ́ ló ń gba ife. Àmọ́ quarterback tó wà nílé ìwòsàn ò lè ju bọ́ọ̀lù.

Olusegun Oluwatimi, tí òun náà ń dínà níwájú quarterback, ń kọ́? Lọ́dún 2022, ní Yunifásítì Michigan, ó gba Outland àti Rimington, àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n ń fún àwọn géńdé iwájú, pọ̀. Ariwo rẹ̀ ò pọ̀ nílé, ó sì yẹ kó pọ̀.

Ẹ̀yin kóòṣì tó ń kọ́ ọmọ ní eré yìí l'Ékòó, ẹ má ṣe ti ọmọ tó sígbọnlẹ̀ sẹ́yìn torí pé kò mọ eré sá. Ẹ̀yin olùwòran, tí bọ́ọ̀lù bá ti gbéra, ẹ kọ́kọ́ wo àwọn márùn-ún yẹn kí ẹ tó bú ẹni tó jù ú.