Ohùn Gìtá Tí Kò Dúró Sójú Kan

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́tẹ̀ yìí, inú ilé tèmi gan-an ni ó ti ṣẹlẹ̀, ẹ̀bi rẹ̀ sì wà lọ́rùn mi ju ti ẹnikẹ́ni lọ.

Ọmọ àbúrò mi kan ń gbé lọ́dọ̀ wa. Òun ni ó ń ta gìtá oníná fún ẹgbẹ́ akọrin wa. Bí ó bá ń ta á nínú yàrá ní alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, a máa dùn bí oyin. Bí ó bá di Ọjọ́ Ìsinmi, gìtá kan náà, láìyí bọ́tìnì kan padà, a máa han bí ìgbà tí ènìyàn ń fi ìṣó ha páànù. Ọ̀sẹ̀ kejì ẹ̀wẹ̀, a tún dùn, kò sì mọ ohun tí ó fà á. Nígbà tí ó ṣe, olórí akọrin sọ fún un lójú gbogbo ènìyàn pé kí ó gbé gìtá sílẹ̀. Ọmọ náà kò jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ní alẹ́ ó wá bá mi: “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ra gìtá mìíràn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, n kò ní í lọ sí ẹgbẹ́ akọrin mọ́.” Mo dá a lóhùn pé ọ̀lẹ ni, pé kò fi ara balẹ̀ kọ́ ohun tí ó ń ṣe.

Ìyá ilé ni ó bá wa dá sí i. Ó ní: “Bàbá àwọn ọmọ, bí ọbẹ̀ kò bá dùn, ṣé ìkòkò ni à ń fọ́? Ṣebí a óò kọ́kọ́ wò ó bóyá iyọ̀ ni, tàbí epo, tàbí iná.” Ó fún ọmọ náà ní kàyé kan, ó ní kí ó máa kọ ohun tí ó bá yàtọ̀ sí i nígbàkigbà tí ó bá ta gìtá, kí ó sì máa tún ohun kan ṣoṣo ṣe lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí gìtá yìí ti ń ṣiṣẹ́. Lábẹ́ àwọn okùn rẹ̀, irin òòfà wà níbẹ̀ tí a fi wáyà tín-ín-rín wé lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Bí okùn irin bá gbọ̀n lókè òòfà yìí, iná kékeré a bí nínú wáyà náà, ẹ̀rọ agbóhùnsókè a sì sọ ọ́ di ohùn ńlá. Nítorí náà, ohun tí ó bá ṣe okùn, tàbí ẹ̀rọ, tàbí ọwọ́ tí ń ta á, ó ti ṣe ohùn.

Okùn ni a kọ́kọ́ rí. Oṣù méje ni ó ti wà lára gìtá. Òógùn ọwọ́ àti atẹ́gùn ọ̀rinrin a máa mú okùn irin dípẹtà, kì í sì í dún gaara mọ́. Okùn tuntun ẹ̀wẹ̀ a máa han jù fún ọjọ́ díẹ̀. A ra òmíràn, ó sì ń fi aṣọ gbígbẹ nù ún bí ó bá ti ta á tán. Ẹni tí kò bá rí owó rà á, kí ó má ṣe banújẹ́. Lionel Loueke, ọmọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tí a bí ní 1973, tí ó ti bá Herbie Hancock ṣeré, ti sọ pé nígbà tí òun ń kọ́ gìtá, inú ọtí kíkan ni òun ń rẹ okùn sí kí ó lè mọ́. Bí ó bá sì já, òun a fi wáyà ìjánu kẹ̀kẹ́ dípò rẹ̀.

Èkejì ni ibi tí a ti ń ta á. Nílé, ó ń rọra ta á kí àwọn ọmọdé má baà jí. Bí ohùn bá rẹlẹ̀, etí kì í gbọ́ ti ìsàlẹ̀ àti ti òkè pátápátá bí ó ti ń gbọ́ ti àárín. Fletcher àti Munson, onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, ti fi èyí hàn láti 1933. Ọmọ náà a wá fi bọ́tìnì bù kún méjèèjì. Bí ó bá dé ṣọ́ọ̀ṣì tí ó ṣí ẹ̀rọ sókè, ti ìsàlẹ̀ á máa kùn, ti òkè á máa gún ni létí. Bákan náà, ṣọ́ọ̀ṣì òfìfo ọjọ́ ìdánrawò kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì tí ó kún. Ara ènìyàn àti aṣọ wọn a máa gbé ohùn mì. Nísinsìnyí, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni ó ti ń tún un ṣe, bí yóò ti dún gan-an nígbà Mísà, bí èrò bá sì ti jókòó, a tún fetí sí i.

Ẹ̀kẹta, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni ẹ̀rọ rẹ̀ máa ń wà, ó kọjú sí ojúgun rẹ̀. Ohùn òkè a máa lọ tààrà bí ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì. Òun tí ó dúró kò gbọ́ ọ, ó sì ń fi kún un. Olórí akọrin tí ó wà níwájú ni ó ń jẹ ìyà rẹ̀. A gbé ẹ̀rọ náà lé àpótí, kò sì ná wa ní kọ́bọ̀.

Èyí tí ó kẹ́yìn kò sí nínú ẹ̀rọ rárá. Mo ṣí kàyé náà lọ́jọ́ kan, mo rí i tí ó kọ pé: “Ọjọ́ Ìsinmi. Mo ta á le jù, níbi tí okùn ti parí. Ẹ̀rù ń bà mí.” Níbẹ̀ ni ohùn ti máa ń tín-ín-rín tí ó sì máa ń mú jù. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Olórí akọrin dá ẹ̀rù náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n èmi tí mo pè é ní ọ̀lẹ ni mo bù kún un. Mo pè é, mo sì bẹ̀ ẹ́.

N kò sọ pé ohùn náà ti dúró sójú kan. Bí ọyẹ́ bá dé, igi gìtá a gbẹ, ohùn a sì yẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti mọ ibi tí yóò wò. Ó ti padà sáàárín ẹgbẹ́ akọrin, èmi sì ń jókòó lẹ́yìn pátápátá: bí ó bá ń gún ni létí, mo gbé ọwọ́ sókè, a sì rọra ta á.

Ẹ̀yin òbí, kí a tó ra tuntun, kí a sì tó bú ọmọ, ẹ jẹ́ kí a béèrè ohun tí ó yí padà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ máa tún un ṣe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Sùúrù ni baba ìwà. Ó dìgbà kan ná.