Kọ̀ǹpútà tó kọ̀ tí kò ṣí, kò tíì kú



Ọ̀rọ̀ yàrá kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ ló ń dun àwa olùkọ́. Bí ẹ̀rọ kan bá kọ̀ tí kò ṣí, ohun tí à ń gbọ́ ni pé ó ti kú. Wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á máa retí ẹni tí yóò ti Kútọnu wá. Oṣù á gorí oṣù, àwọn ọmọ á máa wo àwòrán kọ̀ǹpútà lójú pátákó. Èrò tiwa ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí kò kú. Ohun tó ń ṣe wọ́n wà lójú wọn, kíkà ló kù.

Níbi tí a bá ti ń lo Linux, kò pọn dandan ká máa tún ogún ẹ̀rọ ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ kan, tí à ń pè ní serveur, lè bọ́ gbogbo wọn láti inú okùn réseau. Ẹ̀rọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn á béèrè àdírẹ́sì. DHCP á fún un, á sì sọ orúkọ fáìlì tí yóò gbà. TFTP á gbé fáìlì náà wá, Linux á ṣí. Lẹ́yìn náà, Clonezilla, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Taiwan tó jẹ́ ọ̀fẹ́, á da àwòrán dísíìkì tí a ti fi pamọ́ padà sórí rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti dúró, ẹ̀rọ á wí i:
PXE-E61: okùn kò wọlé dáadáa.
PXE-E51: kò sẹ́ni tó fún un ní àdírẹ́sì.
PXE-E53: ó rí àdírẹ́sì, ṣùgbọ́n kò rí orúkọ fáìlì gbà.
PXE-E32: TFTP kò dá a lóhùn.

Tó bá jẹ́ E53, ẹ kọ́kọ́ wo àpótí íntánẹ́ẹ̀tì ilé-ẹ̀kọ́. Òun náà máa ń pín àdírẹ́sì, kò sì mọ nǹkan kan nípa fáìlì. Àgbò méjì kì í mu omi nínú akèrègbè kan: ẹ jẹ́ kí ẹyọ kan máa pín in. Ẹ rántí pẹ̀lú pé fáìlì tí ẹ̀rọ BIOS àtijọ́ ń gbà yàtọ̀ sí ti UEFI.

Ní ti àwòrán dísíìkì, orí ẹ̀rọ tí dísíìkì rẹ̀ kéré jù ni kí ẹ ti yà á, torí Clonezilla kì í sábà gbà láti da ti ńlá sórí kékeré. Kí ẹ tó yà á, ẹ sọ /etc/machine-id di òfìfo, kí àwọn ẹ̀rọ má baà máa jẹ́ ìdánimọ̀ kan náà.

Àwọn kan á ní Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa, wọn kò sì kọ́ wa ní èyí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá lè ka nọ́ńbà lè ka E61. Ẹ jẹ́ ká kọ ìtumọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lédè Yorùbá, ká lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ká sì fi iṣẹ́ náà kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ó kéré tán. Kí a sì dán àwòrán náà wò lórí ẹ̀rọ kan kí wàhálà tó dé, torí àwòrán tí a kò tíì dá padà rí, ìrètí lásán ni.

Ẹni tó ń bọ̀ láti Kútọnu, kó wá bá wa ṣe èyí tó bá ju agbára wa lọ. Okùn tó yọ kò tó ohun tí à ń tìtorí ẹ̀ ránṣẹ́ pè é.